Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ àti Òfin Tí Ẹ Fẹ́ Kọ

Ilé wa, Ìlọrin,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Láásárì.

Mùínátù, Àjíkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé bí o bá rí bí ìwé yìí ṣe nípọn tó, ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Màmá, ẹ ò wulẹ̀ pè mí lórí fóònù?" Mo ti pè ọ́ o. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Kí n tó délẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, o ti gbà á lẹ́nu mi, o ti dá ẹjọ́ rẹ̀, o sì ti ní ọ̀gá rẹ ń pè ọ́. Lọ́yà ni mo bí, n kò jiyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sídìí bírò. Ìwé kò ṣeé dá lẹ́nu dúró. Bí inú bá ń bí ọ láàárín rẹ̀, wàá kàn máa dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n fi yín sí ní Àbújá ni, èmi ò ní gbọ́.

Jẹ́ kí n kí ọ dáadáa ná. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun, àbí tíì àti bísíkíìtì náà ni? Mo bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní òun àti ọmọ wà dáadáa ní Tanke, ó ní òun ti mọ ẹ̀bà tẹ̀. N kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo ṣàdúrà fún un. Iṣẹ́ tuntun yìí, kí Ọlọ́run Ọba fi bàráká sí i. Ọmọ tí mo kọ́ ní A, B, D nínú ilé yìí ló wá ń bá àwọn aṣòfin jókòó láti kọ òfin fún àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní ìpínlẹ̀ wa. Mo ti sọ ọ́ kiri àdúgbò débi pé àwọn ènìyàn ti ń sá fún mi. Wọ́n ní bí wọ́n bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, ọ̀rọ̀ Ilé Aṣòfin ni mo fi ń dáhùn.

Ṣùgbọ́n Àjíkẹ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì lo wọ ọkọ̀ lọ sí Àbújá láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ òfin, a ò sì jókòó yanjú rẹ̀. Mo fẹ́ tún un sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ìwọ náà lè rí i láti ibi tí mo jókòó sí.

O dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ti se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran tí o fẹ́ràn. O bá bàbá rẹ lórí àga, wọ́n ti bọ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń fi òwú nu egbò tó wà níbi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ wọn láyé ìgbà tí ìjọba rán wọn lọ jagun nílẹ̀ òkèèrè. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá yẹn ti gbó. Rọ́bà inú táyà ni wọ́n fi ń dì í, ó sì ń ha wọ́n lára lójoojúmọ́. Ojú rẹ ni dókítà ṣe sọ pé bí wọn ò bá tètè pààrọ̀ rẹ̀, egbò yẹn máa jẹ gòkè dé orúnkún, wọ́n á sì tún ní láti gé e. Ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ti kó ohun tí agbára yín ká jọ, ó kù díẹ̀ kó pé. Ìgbà tí o wá ń bọ̀ lọ́nà lo pàdé ìyàwó Àfáà, tó sọ fún ọ pé Àfáà ti gbé owó wá láti mọ́sáláṣí láti fi dí èyí tó kù, àti pé bàbá rẹ dá a padà.

O ò tilẹ̀ jókòó. O ní, "Bàbá, ẹ dá owó padà? Pẹ̀lú egbò yìí?"

Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nítorí kí ni?"

"Kì í ṣe tèmi."

Ìgbà yẹn lo wá sọ ọ́. O ní, "Ìgbéraga ni, Bàbá. Ìgbéraga sójà ni." O sì tún fi kún un pé lọ́jọ́ tí ará ìlú máa wá sọ̀rọ̀ lórí àbá òfin náà ní Ilé Aṣòfin, o ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n máa wá ṣàlàyé ìyà tó ń jẹ wọ́n. Bàbá rẹ gbé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà. Wọ́n di ẹsẹ̀ wọn mọ́ra, mo rí i pé ó ń dùn wọ́n, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìwọ náà gbé báàgì rẹ. Àwọn ọmọ ilé kejì ló jẹ ìrẹsì mi.

Mo bínú sí ọ lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Àánú rẹ sì tún ń ṣe mí, torí mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà ọ́. O ò fẹ́ kí wọ́n gé orúnkún bàbá rẹ. Èmi tí mo ti rí wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gé e, ẹ̀rù tèmi ju tìrẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ìgbéraga kọ́ o, ọmọ mi. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Àfáà gbé owó náà wá. Àfáà yìí kan náà, tí mo pọ̀n sẹ́yìn rí nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà, tí gbogbo àdúgbò wá ń kúnlẹ̀ kí báyìí. Ọmọ dáadáa ni. Owó sàká tí àwọn tó rí já jẹ nínú mọ́sáláṣí yọ lọ́dún yìí ló gbé wá. Ó mọ̀ pé bàbá rẹ kì í ṣe mìskínì. Wọ́n ní oko, wọ́n sì máa ń yọ sàká tiwọn lára ọkà bàbà wọn. Nítorí náà, kò fẹ́ kà wọ́n mọ́ àwọn tálákà, kó má bàa dójú tì wọ́n. Ó lọ jókòó ti kìtáábù rẹ̀, ó wá ọ̀nà mìíràn. O mọ̀ pé ìsọ̀rí mẹ́jọ ni Ọlọ́run kà sílẹ̀ pé sàká tọ́ sí. Àfáà wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní bàbá rẹ bọ́ sí ìsọ̀rí àwọn tó jagun fisabilillahi, ní ojú ọ̀nà Ọlọ́run. Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Lójú tirẹ̀, iyì ló gbé wá fún wọn.

Bàbá rẹ gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Àfáà, Ọlọ́run á san án fún ọ. Ṣùgbọ́n ogun tí mo jà, ìjọba ló rán mi, owó oṣù ni mo sì ń gbà. N kò jà á fisabilillahi. Mi ò tilẹ̀ ronú kan Ọlọ́run níbẹ̀ àyàfi ìgbà tí ìbọn bá ń dún. Bí mo bá wá jẹ ohun tí Ọlọ́run yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó jà nítorí Rẹ̀, kí ni màá sọ lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀? Wàláhì, n kò lè jẹ ẹ́."

Bàbá rẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń tiro, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ìgbéraga wo ló wà nínú ìyẹn? Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù pé kí òun má ji ohun tí kì í ṣe tòun jẹ ni mo fẹ́, mo sì dúpẹ́.

Àṣìṣe Àfáà yẹn, ọmọ Ìlọrin nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ènìyàn débi pé ó lọ wá ààyè fún un nínú kìtáábù, kò wá rántí bi ẹni náà léèrè.

Ibi tí ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ti jáde wá nìyí. O gbàgbé ẹ̀dà àbá òfin yín sórí tábìlì lọ́jọ́ tí o bínú lọ yẹn, mo sì kà á. Tíṣà ni mí láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́, bí mo bá rí ìwé, ọwọ́ mi á máa wá bírò pupa. Gbogbo ibi tí ẹ kọ "ìrànlọ́wọ́ fún àwọn sójà aláìní" sí, mo fa igi lé e. Àjíkẹ́, kọ "ẹ̀tọ́". Kọ ọ́ pé ẹni tó fi ara pa fún orílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ìjọba pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá gbó, kó tọ́jú etí rẹ̀, kó tọ́jú ojú rẹ̀, yálà ó ní oko tàbí kò ní. Àwa aládùúgbò lè fún ènìyàn ní oúnjẹ, a lè fún un ní owó, a lè bá a sunkún pàápàá. Kò sí bí a ṣe lè fẹ́ràn rẹ̀ tó tí a fi máa lè sọ ohun tí a fún un di ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òfin nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Ká ní òfin náà ti wà ni, bàbá rẹ ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n máa ronú bóyá ohun tí wọ́n gbé wá tọ́ sí àwọn tàbí kò tọ́. Wọ́n á ti lọ gba ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á ti bá tiwọn lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e wá láti ara èmi gan-an. Nígbà tí bàbá rẹ kọ́kọ́ ti ojú ogun dé láìní ẹsẹ̀, bárékè la wà, ọmọdé ìyàwó ni mí. Mo ń fi bútà bu omi àlùwàlá fún wọn, mo ń tẹ́ ẹní fún wọn, mo ń gba ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́ wọn kó má bàa wúwo jù. Bí ènìyàn bá kí wọn, èmi ni mo ń dáhùn. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Bàbá rẹ tó jẹ́ pé gbogbo bárékè ló mọ ẹ̀rín wọn, wọ́n wá dákẹ́ bí àlejò nínú ilé ara wọn. Ìyá wọn, màmá àgbà, ló ti Ìlọrin wá wò wá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bí mo ṣe ń sá sókè sá sódò. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹsẹ̀ ni wọ́n gé, ọwọ́ ń bẹ níbẹ̀. Gbé bútà yẹn sílẹ̀." Mo gbé e sílẹ̀. Bàbá rẹ dìde, wọ́n bu omi fúnra wọn, wọ́n da ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ilẹ̀ tutù. Wọ́n wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi tó dé láti ojú ogun.

Mo sọ ìyẹn nítorí ìgbìmọ̀ tí ẹ fẹ́ yàn. Mo ka àwọn tó máa wà nínú rẹ̀: kọmíṣọ́nà, dókítà, lọ́yà, aṣojú àwọn ọba, akọ̀wé. N kò rí sójà kankan níbẹ̀. Áà, ọmọ mi! Bútà lẹ tún fẹ́ máa gbé kiri fún wọn yẹn. Ẹ fi àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì sínú ìgbìmọ̀ náà, kí wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan tí wọ́n á fi sí igun bí ohun ọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá da omi sílẹ̀, wọ́n á nù ún.

Ẹ má sì gbàgbé àwa ìyàwó. Bí Ọlọ́run bá ní kí bàbá rẹ ṣíwájú mi, kí Ó jẹ́ kó pẹ́, ta ni màá lọ bá? Nínú bárékè ni imáàmù ti so yìgì wa, ìwé kankan ò sí níbẹ̀ ju àwọn ẹlẹ́rìí lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ti kú. Mo mọ àwọn opó tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó ọkọ wọn títí ẹsẹ̀ fi wú. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé ẹ̀rí imáàmù tàbí pásítọ̀ àti ti àwọn aládùúgbò tó fún obìnrin láti fi hàn pé aya ni òun. Kí ẹ sì kọ ìtọ́jú náà sí ibi tí ọwọ́ lè tó o. Àwọn sójà àtijọ́ pọ̀ ní àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn ìlú, tó jẹ́ pé kí wọ́n tó dé Post Office láàárín ìgboro, owó ọkọ̀ ti jẹ ohun tí wọ́n ń wá bọ̀. Kí ọsibítù ìjọba ìbílẹ̀ wọn lè tọ́jú wọn, ó tó.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí o lọ. Mo ti fi Ọlọ́run bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n má sọ fún ọ, torí èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Àfáà padà wá. Kò mú owó dání. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "Bàbá, oko ńkọ́? Ṣé ẹ ti kọ ebè?"

Bàbá rẹ ní, "Èwo ni ebè? Ṣé o ò rí egbò ni?"

Àfáà ní, "Ẹ bẹ̀ wá lọ́wẹ̀."

Bàbá rẹ gbójú sókè. "Kí n bẹ̀ yín lọ́wẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi ẹnu ara yín bẹ̀ wá, a ó wá. Ṣùgbọ́n ẹ máa bọ́ wa o, Bàbá. A máa ń jẹun gan-an."

Ìgboro ni wọ́n ti bí ọ, ṣùgbọ́n o mọ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó ní oko ló ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́, òun náà ló gbọ́dọ̀ se oúnjẹ fún wọn, bí ó bá sì di ọjọ́ mìíràn, òun náà á lọ sí tiwọn tàbí kó rán ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ kì í ṣe alágbe. Baálé oko ni. Bàbá rẹ ronú sí i, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wo Àfáà, wọ́n ní, "Ó dáa. Mo bẹ̀ yín. Ọjọ́ Sátidé. Kí ẹnikẹ́ni má pẹ́ o."

Ì bá dára ká ní o wà níbẹ̀! Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mọ́sáláṣí fi tú lọ sóko. Àwọn tí n kò rí ọkọ́ lọ́wọ́ wọn rí, wọ́n gbé ọkọ́ lọ́jọ́ yẹn. Akọ̀wé báńkì kan wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti bó kí oòrùn tó mú. Bàbá rẹ jókòó lábẹ́ igi emi, wọ́n na ẹsẹ̀ tí a fi oògùn dì síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Wọ́n ní ebè gbọ́dọ̀ tò. Bí ebè ẹnì kan bá yà díẹ̀, wàá gbọ́: "Ìwọ! Ta ló kọ́ ọ? Tú u, kó o tún un kọ!" Wọ́n ní kí Àfáà gan-an tú tirẹ̀. Ó tú u, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún un kọ. Èmi àti àwọn ìyàwó gún iyán, a fi wàrà tí a dín sínú ọbẹ̀. Bàbá rẹ ni wọ́n dúró ti ìkòkò, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn pín in, tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé, "Jẹun, jẹun, iṣẹ́ ṣì kù." Láti ìgbà tí egbò yẹn ti bẹ̀rẹ̀, n kò rí ojú wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín pa mí títí omijé fi jáde.

Oko di oko, ṣùgbọ́n iṣu kì í jáde lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín, egbò ò sì ní dúró de ìgbà ìkórè. Ọ̀rẹ́ mi Àlájà Sìkírátù, tó ń ta iṣu ní Ìpàtá, tó sì ti ń rajà lọ́wọ́ bàbá rẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ló wá béèrè lọ́wọ́ Àfáà bóyá òun lè san owó iṣu náà sílẹ̀ báyìí, kí òun kó iṣu bó bá di ìkórè. Àfáà padà sídìí kìtáábù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ wá bi bàbá rẹ pé ṣé wọ́n fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló tó ṣí ìwé, ó ní ẹ̀sìn fàyè gbà á, bí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí irú iṣu, bó ṣe máa pọ̀ tó, àti ìgbà tí wọ́n máa kó o wá.

Bàbá rẹ ní, "Òwò nìyẹn. Mo gbà."

Sìkírátù ní kí wọ́n má rò ó pé òun ń ṣàánú ẹnikẹ́ni o. Ó ní iṣu wọn máa ń funfun bí òwú, àwọn oníṣu mìíràn sì ti ń fojú sí i. O mọ ẹnu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe pé. Wọ́n lọ wọn ẹsẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n tọ́jú egbò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ti ń jiná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni a gbé ẹsẹ̀ tuntun wálé. Dókítà ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún wọn wà níbẹ̀, Àjíkẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní gé e. Mo jókòó sínú ilé ìdáná, mo sunkún ayọ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹran.

Ní báyìí, má lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé àdúgbò ti ń ṣe é, kí ìjọba lọ jókòó. Mo mọ àwọn olóṣèlú, bí wọ́n bá gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ẹ ò rí i bí àwọn ará ìlú wa ṣe dára tó, wọ́n á sì pa ìwé dé. Ohun tó gba bàbá rẹ là ni pé wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n ní aya tó mọ oníṣu, wọ́n ní Àfáà tó tún èrò rẹ̀ pa. Yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Òfin gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tí kò ní ọ̀kankan. Kí òfin náà má sì wá di ìdènà fún àwọn tó fẹ́ ṣe tiwọn. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa lọ pọ̀.

Ìmọ̀ràn mi tó kù fún ìwọ fúnra rẹ ni, kì í ṣe fún àbá òfin. O mọ̀wé, o sì ní ọkàn rere, àwọn méjèèjì máa ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ yá jù. Kó o tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ pé ó máa wá sọ̀rọ̀, bi í. Kó o tó sọ pé ohun báyìí ló wà lọ́kàn rẹ̀, bi í. Bí o bá délé, má wulẹ̀ bẹ bàbá rẹ lọ títí. Kúnlẹ̀, kí wọn, kó o wá bi wọ́n pé báwo ni ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe. Wọ́n á sọ ọ́ fún ọ títí wàá fi sùn lọ. Wọ́n ti dárí jì ọ́ láti ọjọ́ tí o ti lọ, ojú ló ń tì wọ́n láti kọ́kọ́ pè.

Èyí tí mo fẹ́ fi parí rẹ̀, àná ló ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ ní àwọn fẹ́ dán ẹsẹ̀ tuntun wò, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, ó di Tanke. Mo rò pé ilé rẹ ni wọ́n lọ láti lọ wo ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n lọ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì Dáúdà ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Ojú ogun kan náà ni àwọn méjèèjì jọ lọ. Mẹ́gáàdì ni Dáúdà báyìí, ní ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, lójú ọ̀nà tí ìwọ gan-an ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Etí wọn kan ti di látàrí ìró ìbọn, ìkejì náà ti ń lọ. Wọn ò ní oko, aya wọn ti kú, kò sí ọmọ nítòsí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n ní Bàbá Géètì. Nínú mọ́sáláṣí tí wọ́n ti ń kírun níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé sójà ni wọ́n rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọn fèrè ọkọ̀ tí wọn ò gbọ́, wọ́n á bú wọn.

Nígbà tí bàbá rẹ dé, wọn ò jẹun púpọ̀. Wọ́n bọ́ ẹsẹ̀ tuntun, wọ́n gbé e lé orí itan, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á. Wọ́n ní, "Ṣé o máa kọ̀wé sí Àjíkẹ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní, "Sọ fún un pé màá wá sí Ilé Aṣòfin lọ́jọ́ náà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ nítorí ẹsẹ̀ mi o, ẹsẹ̀ mi nìyí. Màá sọ̀rọ̀ nípa Dáúdà, bí òun náà bá gbà fún mi. Mo ti bi í, ó ní òun á ronú sí i."

Mo ní, "Ṣé ẹ ò bínú sí ọmọ náà mọ́?"

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó ní ìgbéraga ló jẹ́ kí n kọ owó yẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i kọ̀ nítorí pé ẹnì kan gbé e wá bá mi. Ta ló gbé nǹkan kan wá bá Dáúdà rí, tí òun náà fi máa lè sọ pé òun ò fẹ́?"

Kọ òfin náà dáadáa, ọmọ mi. A ń retí rẹ.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju bí o ṣe rò lọ.